Nìjẹ̀r, Aládùúgbò Wa Tí Kò Ní Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ará ìlú sọ ní Àgbádárìgì)

Nígbà tí àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ ní ẹkùn yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ Nìjẹ̀r, ẹnì kan nínú wa béèrè pé kí ni ó kan ẹni tí ń gbé létí òkun nínú ọ̀ràn ilẹ̀ tí kò fojú kan òkun rí. A dá a lóhùn pé kí ó bọ́ sí ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀, kí ó kọjá ẹnu ibodè, kí ó sì tún rìn síwájú díẹ̀. Yóò dé ibi tí ọ̀pá epo rọ̀bì kan gbé wọ inú òkun lọ. Epo inú ọ̀pá náà kì í ṣe ti Bẹ̀nẹ̀. Láti Agadem ni ó ti ń bọ̀, nínú aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn Nìjẹ̀r, ọ̀pá náà sì gùn tó bí 1,950 kìlómítà kí ó tó kan omi. Ilẹ̀ tí kò ní òkun ti na apá rẹ̀ títí ó fi fọwọ́ ba òkun ní ẹ̀yìnkùlé yín.

Kì í sì ṣe òní ni Àgbádárìgì ti mọ orúkọ yìí. Ní ìparí ọdún 1825 ni Clapperton gúnlẹ̀ sí èbúté yín, tí òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ṣókótó. Ní oṣù kẹta ọdún 1830, Richard Lander tún padà wá pẹ̀lú John, àbúrò rẹ̀. Ọba Adélé, tí ó ti Èkó wá, ni ó gbà wọ́n lálejò níhìn-ín. Ohun tí wọ́n wá kiri ni ibi tí Odò Ọya gbé ń dà sínú òkun. Wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé dé Bussa, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, odò sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ títí dé òkun. Nínú ìwé ìtàn tí a kà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, wọ́n kọ́ wa pé àwọn ni wọ́n ṣàwárí odò náà. A kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, a sì gba máàkì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé àwọn apẹja Bussa ti ń fi odò náà jẹun kí a tó bí bàbá Lander. Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni pé orúkọ tí àwọn òyìnbó pe Odò Ọya nínú àwòrán ilẹ̀ wọn ni a fi sọ orílẹ̀-èdè méjì lórúkọ, Nàìjíríà àti Nìjẹ̀r. Odò kan náà ni ó sọ wá lórúkọ, àwa tí a wà nísàlẹ̀ àti àwọn tí wọ́n wà lókè.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ilẹ̀ yí ká tí wọn kò ní èbúté: Mali, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r. Nìjẹ̀r ni ó tóbi jù. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,267,000 kìlómítà níbùú lóròó, bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà kò ju 924,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí títóbi yìí tàn yín jẹ, nítorí ibi tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà. Orílẹ̀-èdè méje ni ó bá a pààlà: Àlùjẹ́ríà, Líbíyà, Chad, Mali, Burkina Faso, Bẹ̀nẹ̀ àti àwa. Tiwa ni ó gùn jù nínú ààlà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ni ó fara kan án, láti Kebbi títí dé Borno. Odò Ọya gba igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà kọjá fún bí 550 kìlómítà. Etí rẹ̀ ni Niamey, olú-ìlú wọn, wà. Zinder ni olú-ìlú tẹ́lẹ̀ kí Faransé tó gbé e lọ sí Niamey ní ọdún 1926.

Níbi tí òjò bá ti ń rọ̀ ní gúúsù ni àwọn ènìyàn há mọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2012, wọ́n lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 17. Lónìí wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù 25, bí ìdajì nínú wọn ni kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15. Jéró àti ọkà bàbà ni oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn Nàìjíríà, a kò mọ orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin ẹ̀wà tó wọn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹ̀wà àti àlùbọ́sà, ẹ ti mọ èyí kí a tó sọ ọ́. Àlùbọ́sà Galmi, èyí tí ó pupa rúsúrúsú, tí omi ojú kì í jẹ́ kí ẹni tí ń gé e ríran, ilẹ̀ wọn ni ó ti ń wá. Àgbò tí a ń pa nígbà Iléyá náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ẹsẹ̀ kọjá ààlà láìní ìwé ìrìnnà.

Haúsá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Zarma àti Songhai, tí àwọn ará wa máa ń pè ní Sábárúmà, tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà Tuareg, Fúlàní àti Kànúrí. Ní àríwá ni Agadez wà, ìlú àwọn oníràkúnmí. Mọ́sáláṣí alámọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ilé-ìpè rẹ̀ ga tó mítà 27, tí a kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1515. Amọ̀ àti igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì wà síbẹ̀. A sọ èyí fún àwọn tí ó máa ń rò pé iyanrìn nìkan ni ó wà lókè lọ́hùn-ún.

Báwo ni Haúsá ṣe di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì? Bí ẹ̀yin Ègùn ṣe di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì náà ni. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fa ìlà láàárín Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n wà lápá kan, tí àbúrò wà lápá kejì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fa òmíràn láti Say, létí Odò Ọya, lọ sí etí adágún Chad. Lord Salisbury, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi Faransé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilẹ̀ tí ó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn. Wọ́n tún ìlà náà fà lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Ṣókótó àti Katsina ṣe bọ́ sí apá kan, tí Konni, Maradi àti Zinder bọ́ sí apá kejì.

Kì í ṣe pẹ̀lú ìwé nìkan ni wọ́n gba ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1899, àwọn ọ̀gágun Faransé méjì, Voulet àti Chanoine, kó ọmọ ogun wọ ibẹ̀, wọ́n ń jó ìlú níná, wọ́n ń pa tọmọdé tàgbà. Obìnrin kan tí í ṣe olórí àwọn Azna ní Lougou, Sarraounia, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ tí ó dojú ìjà kọ wọ́n. Wọ́n gba ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n run Birni-N'Konni. Ìwà àwọn ọ̀gágun méjèèjì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ fi rán ọ̀gágun mìíràn láti lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yìnbọn pa á, kí àwọn ọmọ ogun tiwọn náà tó wá pa àwọn. Ní ọdún 1916, Kaocen, akọni Tuareg, dó ti àwọn Faransé ní Agadez fún oṣù púpọ̀.

Nísinsìnyí, a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀ràn ẹgbẹ́ òṣèlú ni èyí tí ó kàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, Faransé ní kí gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ òun dìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́: ṣé wọ́n fẹ́ wà nínú ìdàpọ̀ tí òun jẹ́ olórí, àbí wọ́n fẹ́ òmìnira lójú ẹsẹ̀? Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Guinea dáhùn pé bẹ́ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó mọ̀ pé ní Nìjẹ̀r náà, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba abẹ́lé, Djibo Bakary, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Sawaba polongo bẹ́ẹ̀kọ́, kò pọ̀. Èdè Haúsá ni Sawaba, ìtura ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ni Faransé ṣe? Wọ́n rán gómìnà titun wá, wọ́n kó ọmọ ogun àti owó síta, wọ́n mú àwọn kan nínú àwọn ọba ìlú mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, bẹ́ẹ̀ni ni ó borí. Bakary fi ipò sílẹ̀. Ní ọdún 1959 wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ Sawaba, àwọn aṣíwájú rẹ̀ sì sá lọ sí òkè òkun. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Hamani Diori ni ó gbà á, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀.

Ìdí tí Faransé kò fi fẹ́ fi Nìjẹ̀r sílẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ náà bá Àlùjẹ́ríà pààlà, níbi tí ogun òmìnira ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni yùréníọ́mù tún yọjú. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń wà á ní Arlit, tí iná mànàmáná Faransé sì ń ti ara rẹ̀ tàn, nígbà tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará Nìjẹ̀r ni ó ní iná nílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìjọba Nìjẹ̀r kéde pé ìjọba ti gba ilé-iṣẹ́ tí ń wà á, Somaïr.

Nípa àwọn ìjọba wọn, a kò ní pẹ́ púpọ̀. Ọ̀dá ńlá wáyé láàárín 1968 àti 1974, ẹran ọ̀sìn kú, ebi pa ènìyàn. Seyni Kountché lo ìbínú ìlú, ó sì fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Diori ní oṣù kẹrin ọdún 1974. Ìfipágbàjọba mìíràn wáyé ní 1996, ní 1999, ní 2010. Ní ọdún 2021, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ìlú dìbò yàn, Mahamadou Issoufou, gbé ìjọba fún ẹlòmíràn tí ìlú dìbò yàn, Mohamed Bazoum. Ọdún méjì péré ni ó lò. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ Bazoum, tì í mọ́lé, ó sì di olórí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Bazoum àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní àhámọ́. Ẹgbẹ́ tí ó ń bèèrè ìbò kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ fún irú ìyẹn, bí ẹni tí ó ṣe é tilẹ̀ ń bú òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwa náà ṣe ń kọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù keje, Àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Nàìjíríà jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ti ibodè mọ́ Nìjẹ̀r, ó dí owó rẹ̀, ó sì fi ogun halẹ̀. Nàìjíríà já iná tí ń lọ sí Niamey. Láti àwọn ọdún 1970 ni iná yìí ti ń ti Birnin Kebbi lọ bá wọn, òun sì ni bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná tí wọ́n ń lò nígbà náà. Àwa tí a dúró níwájú yín yìí, a fi ọwọ́ ara wa kọ ìwé ìléwọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé ohun tí ìjọba ṣe dára, pé kí òkùnkùn kọ́ àwọn ológun lọ́gbọ́n. Ẹgbẹ́ pín in káàkiri. Àṣìṣe wa ni. Àwọn ológun ní ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹni tí òkùnkùn kọ́ lọ́gbọ́n ni aláboyún tí ó wà lórí ibùsùn ìrọbí, àti ẹni tí ń ta omi tútù. A kò rí ẹni tí ó bi wá léèrè lórí ìwé náà láti ìgbà náà, èyí ni ó fi yẹ kí á bi ara wa.

Àwọn aṣòfin àgbà wa ni ó ronú jù wá lọ nígbà náà, tí wọ́n sọ pé kí á fi ẹnu yanjú ọ̀rọ̀, kí á má fi ogun ṣe é. À ń jà bí i ká kú kọ́. Ẹ wo Malanville, níbi tí afárá Odò Ọya gbé so Bẹ̀nẹ̀ mọ́ Gaya ní Nìjẹ̀r: ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tò síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, oúnjẹ àti òògùn wà nínú wọn, wọn kò lè kọjá. Wọ́n mú ìjìyà náà kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, ó ti pẹ́ jù. Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n sì jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Àwọn mẹ́ta tí kò ní òkun ni ó jáde. Àwọn tí ó ní èbúté ni ó ṣẹ́kù.

Ẹni tí kò ní òkun kò lè ṣe kí ó má bẹ aládùúgbò. Ìtàn Nìjẹ̀r láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìtàn ẹni tí ń wá ọ̀nà dé èbúté. Kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1953, ọkọ̀ ojú irin Kano ni ẹ̀pà Maradi àti Zinder ń bá wá sí Apapa. Faransé kò fẹ́ kí ọrọ̀ wọn máa gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ni wọ́n bá dá ètò kan tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pè, tí ó kó ẹ̀pà náà gba Parakou lọ sí Kútọnu. Irin Kútọnu ti dé Parakou ní ọdún 1936. Ó dúró síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìlérí fún ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pé yóò dé Niamey. Ní ọdún 2014 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ní Niamey tìlù tìfọn, wọ́n sì tẹ́ irin dé Dosso, ṣùgbọ́n kò so mọ́ ti Parakou. Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ irin tirẹ̀ láti Kano lọ sí Maradi ní ọdún 2021. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀, Nìjẹ̀r sì mọ̀ ọ́n.

Òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1982 sọ pé ilẹ̀ tí kò ní òkun ní ẹ̀tọ́ láti dé òkun, kí ó sì gba ilẹ̀ aládùúgbò kọjá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí àwọn méjèèjì jókòó ṣe àdéhùn bí yóò ti rí. Àdéhùn ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, ẹ sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣẹ̀mẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Ṣáínà, CNPC, ni ó fi ọ̀pá epo náà lélẹ̀, ó sì lè gbé tó 90,000 àgbá lójúmọ́. Ṣáájú rẹ̀, ìwọ̀nba epo tí ilé ìfọpo Zinder lè fọ̀ láti ọdún 2011, bí 20,000 àgbá lójúmọ́, ni Nìjẹ̀r ń wà. Nígbà tí ECOWAS ṣí ibodè, Bẹ̀nẹ̀ ṣí tirẹ̀, ṣùgbọ́n Nìjẹ̀r kọ̀, wọ́n ní ọmọ ogun Faransé fara pamọ́ sí Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ Patrice Talon fèsì pé bí ẹ kò bá ṣí afárá, epo yín kò ní wọ ọkọ̀ lórí omi mi. Àwọn ará Ṣáínà bẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé epo lọ. Ní oṣù kẹfà, Bẹ̀nẹ̀ mú ará Nìjẹ̀r márùn-ún ní Ṣẹ̀mẹ̀, Nìjẹ̀r náà sì ti ọ̀pá pa. Àwọn tí ń bá ìjọba Niamey jà tún ba apá kan rẹ̀ jẹ́ nínú aṣálẹ̀ ní oṣù kan náà. Ó di oṣù kẹjọ kí epo tó tún ṣàn. Nínú gbogbo rẹ̀, afárá Malanville wà ní títì lápá Nìjẹ̀r, ọkọ̀ ẹrù sì ń gba Lomé àti Burkina Faso lọ, ọ̀nà tí ó jìn jù, tí àwọn agbébọn sì ń dènà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ta ni a ń sọ ìtàn ibodè títì fún? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba tiwa ti Ṣẹ̀mẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹ rántí bí ọjà ṣe dá. Ẹ rántí àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ta ọkọ̀ wọn, àwọn obìnrin Ègùn tí wọ́n ní ìyá ní Àjàṣẹ́ tí wọn kò lè kọjá lọ sin ín. Nígbà tí wọ́n máa ṣí àwọn ibodè àkọ́kọ́, Ṣẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn, Illela náà wà nínú wọn, ibodè tí ó kọjú sí Konni, ìlú tí Voulet jó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti ẹ̀yin àti àwọn ará Konni mọ́lé, tí ó sì tú yín sílẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò mọ ara yín.

Nítorí náà, ohun tí a mú wá fún ẹ̀ka yìí ni àbá mẹ́ta, a ó sì fẹ́ kí ẹ jíròrò lé wọn kí a tó túká. Èkínní, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá pé a kò gbọdọ̀ tún lo iná tàbí oúnjẹ bí ohun ìjà sí aládùúgbò, ẹni yòówù kí ó jókòó sórí àga níbẹ̀. Èkejì, kí á bèèrè ní gbangba pé kí wọ́n tú Bazoum sílẹ̀. A kò lè ṣe èkínní kí á fi èyí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa gan-an. Ìwé ìléwọ́ tí a kọ ní ọdún 2023, a ti kọ òmíràn tí ó dá a padà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kó o wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ní Yorùbá àti ní Ègùn. A ń wá ẹni tí yóò bá wa kọ ọ́ ní Haúsá.